Ṣé Fífa Ìka Kó Dún Ló Ń Fa Làkúrègbé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò ti gbọ́ ìkìlọ̀ kan lọ́pọ̀ ìgbà: "Má fa ìka ẹ mọ́! Tó o bá dàgbà, làkúrègbé ni yóò gbẹ̀yìn ẹ̀." Bí ènìyàn bá fa ìka rẹ̀, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, tí oríkèé rẹ̀ sì dún "pá", ẹni tó jókòó tì í kò ní ṣàì sọ̀rọ̀. Ní agboolé wa, nítòsí Ẹnu Ọwá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá Àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́. Àwọn kan ní ó ń mú kí oríkèé ìka wú. Àwọn mìíràn ní omi inú eegun ló ń gbẹ.

Ṣé òótọ́ ni? Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe wá ìdáhùn sí ìbéèrè kékeré yìí ti gùn ju àádọ́rin ọdún lọ, ó sì kan Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Mo fẹ́ sọ ìtàn náà, kí n sì fi hàn pé ó kan àwa náà ní Èkó ju bí a ti rò lọ.

Kí a tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ àwọn ará Èkó. Ìlú tí iṣẹ́ ọwọ́ gbé dúró ni ìlú wa. Ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé ni kápẹ́ńtà àti bíríkìlà tó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé arẹwà sí Pópó Àgùdà. Lónìí, ẹ lọ sí Ìdúmọ̀tà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ẹ ó rí àwọn alábàárù tó ń já báálì aṣọ, àwọn télọ̀ tó ń rán aṣọ, àwọn onídìrí tó jókòó sí abẹ́ agbòjò, àti àwọn tó ń di ọjà sínú páálí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, bó bá jókòó tán, ìka ni yóò kọ́kọ́ fà. Ìdí nìyí tí ìró "pá, pá" yìí kò fi ṣàjèjì létí wa.

Ọ̀rọ̀ eegun náà kò ṣàjèjì sí wa. Kí òyìnbó tó dé ni a ti ní àwọn àgbà tó ń to eegun, títí dòní ni àwọn ènìyàn sì ń lọ bá wọn. Ní 1893 ni wọ́n dá ọsibítù ìjọba tó wà ní Ọ̀dàn sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ wà ní Ìgbóbì, ibẹ̀ náà ló sì di ọsibítù eegun ńlá tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ lónìí. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín ní Èkó pé "wọ́n ti gbé e lọ sí Ìgbóbì", kò nílò kó ṣàlàyé. Ẹ ti mọ̀ pé eegun ni.

Bákan náà, wíwádìí ọ̀rọ̀ kí a tó gbà á gbọ́ kì í ṣe àṣà òyìnbó nìkan. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpárà, tí wọ́n bí ní 1861, ṣiṣẹ́ ní Èkó láyé ìjọba amúnisìn. Nígbà tí ìgbóná ń pa àwọn ènìyàn, ìròyìn kan wà nílẹ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná ló ń tan àrùn náà kálẹ̀. Sàpárà kò kàn gba ìròyìn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò kàn kọ̀ ọ́. Ó wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń ṣe, lẹ́yìn èyí ló sọ ohun tó rí, ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin yìí kan náà kò fi ojú tín-ín-rín wo egbòogi ìbílẹ̀; ó ṣe ìwádìí lórí wọn, ó sì lò wọ́n. Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé kí a má ṣe gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí pé àgbà ló sọ ọ́, kí a má sì ṣe kọ̀ ọ́ nítorí pé àgbà ló sọ ọ́. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró náà. Kí ló ń dún? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé eegun ló ń gbá eegun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, eegun rírọ̀ kan tó ń dán bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, awọ kan sì yí ibẹ̀ ká bí àpò. Omi kan tó ń yọ̀ bí ẹyin inú adìẹ wà nínú àpò náà, òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha ara wọn. Afẹ́fẹ́ fara pamọ́ sínú omi yìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe fara pamọ́ sínú ìgò mínírà. Bí ẹ kò bá tíì ṣí ìgò mínírà, ẹ kò ní rí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá ṣí i, yóò máa hó. Ohun tó jọ èyí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé. Bí a bá fa ìka, àyè inú àpò náà fẹ̀ sí i lójijì, afẹ́fẹ́ yóò sì kóra jọ di ihò kékeré kan nínú omi náà.

Ní 1947, àwọn onímọ̀ méjì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Roston àti Wheeler Haines, so okùn mọ́ ìka àwọn ènìyàn, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ X-ray ya fọ́tò eegun wọn. Wọ́n rí i pé oríkèé náà kò kọ́kọ́ ṣí púpọ̀, àfi ìgbà tó dún "pá" ni àyè àárín eegun méjèèjì fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tún ṣàkíyèsí ohun kan tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀: ìka tó bá ti dún kò ní tún dún lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó lè dún mọ́. Wọ́n ní ìgbà tí ihò afẹ́fẹ́ náà yọ ni ìró náà dún.

Ní 1971, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Unsworth, Dowson àti Wright, ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ìgbà tí ihò afẹ́fẹ́ náà wó ni ó ń dún, kì í ṣe ìgbà tó yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba tiwọn gbọ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tó di 2015, Greg Kawchuk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà ki ìka ẹnì kan bọ ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n ń fà á títí tó fi dún. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Wọ́n rí i pé ihò afẹ́fẹ́ náà yọ nígbà tí ìró dún, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn ìró náà. Ọ̀rọ̀ tún padà sí ibi tí àwọn ti 1947 fi í sí. Ṣùgbọ́n ní 2018, Chandran Suja àti Barakat fi ìṣirò hàn pé bí apá kan ihò náà bá wó, tí apá kan sì kù, ó lè dún bẹ́ẹ̀ náà. Títí dòní, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni pé afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni, eegun kọ́ ló ń fọ́.

Ìbéèrè kejì ló wá le jù: ṣé ó ń ṣe ìpalára? Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Donald Unger. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ àti àwọn àǹtí rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí àwọn tiwa náà ṣe ń kìlọ̀. Nígbà tó dàgbà tó gbéyàwó, ìyá ìyàwó rẹ̀ tún bá a sọ ọ́. Unger kò bá wọn jà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ náà wò ni. Fún 50 ọdún, ó ń fa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kó dún, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ kó lè fi wé e. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ìgbà 36,500 ó kéré tán. Ní 1998, ó kọ ìwé sí ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń tọ́jú oríkèé, ó ní làkúrègbé kò sí ní ọwọ́ òsì, kò sì sí ní ọwọ́ ọ̀tún. Òun kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Ní 2009, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kó mú un ronú.

Ẹ̀rín pa èmi náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ẹjọ́. Ó lè jẹ́ pé ara Unger le ni. Ìdí nìyí tí mo fi ka àwọn ìwádìí tí ènìyàn inú rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ẹ̀rí. Ní 1975, wọ́n yẹ ọwọ́ àwọn arúgbó 28 wò ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì rí i pé àwọn tó ti ń fa ìka láti kékeré ní làkúrègbé ju àwọn yòókù lọ. Ní 2011, àwọn dókítà wo fọ́tò eegun ọwọ́ àwọn ènìyàn 215 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 89. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń fa ìka, bí 18 ló ní làkúrègbé ọwọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kì í fà á, bí 21 sí 22 ló ní in. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́.

Ìwádìí kan wà tó gbè sẹ́yìn àwọn àgbà díẹ̀, kò sì ní dára kí n fi í pamọ́. Ní 1990, Castellanos àti Axelrod yẹ ènìyàn 300 wò. Wọn kò rí i pé làkúrègbé pọ̀ lára àwọn tó ń fa ìka, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́ wọn máa ń wú jù, agbára tí wọ́n fi ń di nǹkan mú kò sì tó ti àwọn yòókù. Ṣé ẹjọ́ ti parí nìyẹn? Rárá o. Àwọn olùwádìí kan náà rí i pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ló sábà ń fa ìka. Bí òjò bá ń rọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, gbogbo ènìyàn ni yóò ṣí agbòjò. Síbẹ̀ agbòjò kọ́ ló fa òjò. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń mú ọwọ́ wú náà ló ń mú ènìyàn fa ìka. Bákan náà, àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀, pé ẹni tó fi agbára rékọjá ààlà fa ìka ṣe iṣan ọwọ́ rẹ̀ léṣe. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí á máa fi tipátipá yí ìka bí ẹni tó ń fún aṣọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ bí èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò wa ń dirí. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń dùn wọ́n. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọn kò ní lè ká ọwọ́ wọn títí oòrùn yóò fi yọ dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá rí wọn ló ń sọ pé, "Ṣé a kò sọ fún un? Láti kékeré ló ti ń fa ìka." Àǹtí gbà pé àfọwọ́fà ni. Ojú ń tì wọ́n, wọ́n sì ń fi ìpara gbígbóná pa á. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó lọ sí ọsibítù, nígbà tí òòyà ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Dókítà ní irú làkúrègbé tí àwọn ọmọ ogun inú ara ti ń gbógun ti oríkèé ara wọn ni, pé fífa ìka kò lọ́wọ́ sí i rárá, àti pé oògùn wà tó lè dá a dúró bí ènìyàn bá tètè wá. Ìka Àǹtí méjì ti wọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo mọ̀ pé ìkìlọ̀ tí a rò pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára ti gba ọdún méjì lọ́wọ́ Àǹtí.

Kì í ṣe àgbà nìkan ni ó kàn. Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, tí dókítà Amẹ́ríkà kan, James Herrick, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe nínú ìwé àwọn oníṣègùn ní 1910, pọ̀ ní Nàìjíríà gan-an. Lára ọmọ kékeré tó bá ní in, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wú, tó sì ń dun ọmọ náà, ló sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Ní Ìdí-Àràbà, iwájú ọsibítù ńlá LUTH, ni ibùdó àjọ tó ń rí sí àrùn yìí wà. Bí ìka ọmọ bá wú, tí a sì sọ pé eré ìka ló fi ṣe, a lè má ronú láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìtàn tí a ń sọ fún ara wa nípa ìdí àìsàn ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ wa yóò gbà lọ: ọsibítù, tàbí inú yàrá pẹ̀lú ìpara.

Mo sọ gbogbo èyí fún Màmá Àgbà. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, wọn kò bínú. Nígbà tí mo parí, wọ́n béèrè pé, "Ọwọ́ àwọn ta ni wọ́n yẹ̀ wò? Ṣé àwọn yẹn lọ ata lórí ọlọ rí? Ṣé wọ́n fi ọwọ́ fọ aṣọ ọmọ mẹ́jọ?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ronú sí i. Òótọ́ ni. Àwọn arúgbó 28 ti 1975 àti àwọn 215 ti 2011, ará Amẹ́ríkà ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé kò mọ ará Èkó yàtọ̀ sí ará California, nítorí náà mo gbà pé ìdáhùn wọn kàn wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Màmá Àgbà tóbi ju ti ìka tó ń dún lọ. Kí ni iṣẹ́ ń ṣe fún ọwọ́ onídìrí, ọwọ́ télọ̀ àti ọwọ́ alábàárù? Ìyẹn ló yẹ kí àwọn yunifásítì wa àti àwọn dókítà wa wá wò ní Ìdúmọ̀tà àti Ẹbúté Èrò, ibi tí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ pọ̀ sí.

Mo tún fẹ́ dá àwọn àgbà láre lórí ohun kan. Ìkìlọ̀ wọn kì í ṣe ti àìsàn nìkan. Ẹni tí àgbà ń bá sọ̀rọ̀ tó ń fa ìka "pá, pá" dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti sú. Ìyẹn kò bójú mu, bó sì ṣe rí ní kíláàsì náà nìyẹn. Ó yẹ kí a pa ìwà ọmọlúàbí mọ́ nítorí pé ó dára. Kò nílò kí a fi làkúrègbé dẹ́rù ba ọmọ kó tó lè níwà.

Ní ìparí, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé fífa ìka kó dún ló ń fa làkúrègbé. Ọjọ́ orí, ìfarapa, àjogúnbá, iṣẹ́ tó ń ni oríkèé lára àti àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tàbí inú ara ló yẹ kí a fura sí. Bí ìka bá dún tí kò dunni, kò sí ewu tí a mọ̀. Bí ó bá ń dunni, tó wú, tó gbóná, tàbí tí kò ṣeé ká láàárọ̀, ẹ má ṣe dá aláìsàn lẹ́bi. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbà ló kọ́ wa pé kí a máa tọ́jú ọwọ́ wa. Iṣẹ́ tiwa ni láti yẹ ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú rẹ̀ wò, kí ìkìlọ̀ tó yẹ kó dáàbò bò wá má baà di ohun tó ń dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.